Ọmọ Awo Lọ Ṣe IT

     Bí a ti máa ń pàdé lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, mo tún dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ilé.

Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà níléèwé gíga ni, àwọn tó ń lọ ṣiṣẹ́ fún oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá tí wọn ò mọ̀ rí, ohun tí àwọn fúnra wọn ń pè ní IT. Láàárín oṣù méjì sẹ́yìn, òbí mẹ́ta ló ti wá bá mi nídìí Ifá nítorí ẹ̀. Ìyá kan ní ọmọ òun ń sunkún lórí fóònù, pé ilẹ̀ gbígbá ni wọ́n fi òun sí níbi tí òun lọ. Bàbá kan ní ọmọ òun fẹ́ fún ẹnìkan lówó kó máa bá òun fọwọ́ sí ìwé, kí òun padà wá jókòó sílé. Ẹnìkẹta ò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tó fi bú sẹ́kún. Mo máa dé orí tirẹ̀. Ohun kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bèèrè: Bàbá, ẹbọ wo ni ká rú kí ọmọ yìí lè ṣe é já? A dá Ifá, a rú ẹbọ. Àmọ́ lẹ́yìn ẹbọ, ìmọ̀ràn kù, òun ni mo sì fẹ́ kọ síbí kí gbogbo ilé lè gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún àwọn àgbà tí wọn ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Lọ́dún 1971, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ITF, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ àjọ náà ni pé kó rí sí i pé àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa mọ iṣẹ́ dójú àmì. Nígbà tó di 1973, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní SIWES, torí àwọn ilé-iṣẹ́ ń ráhùn pé àwọn ọmọ tó ń jáde níléèwé mọ ìwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń di irinṣẹ́ mú. Ni wọ́n bá ní kí ọmọ máa kúrò ní kíláàsì fún ìgbà díẹ̀, kó lọ sí ibi iṣẹ́ gan-an. Ti pólì máa ń jẹ́ oṣù mẹ́rin, ti yunifásítì máa ń tó oṣù mẹ́fà. Àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ míì máa ń fi ọlidé gígùn ṣe apá kan nínú ẹ̀. Wọ́n á fún ọmọ ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní logbook. Ojoojúmọ́ ni yóò máa kọ ohun tó ṣe síbẹ̀, ọ̀gá ibi iṣẹ́ á fọwọ́ sí i, olùkọ́ láti iléèwé náà á wá bẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́dọ̀ àwọn ará Jámánì, ó jù báyìí lọ: ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lè wà lábẹ́ ọ̀gá fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, kó máa fi ọjọ́ kan tàbí méjì láàárín ọ̀sẹ̀ lọ síléèwé, kó sì wà níbi iṣẹ́ ní ọjọ́ yòókù.

Ẹ wò ó, kò sí ohun tuntun níbẹ̀ fún wa. Ta ló di babaláwo láì gbé àpò tẹ̀lé ọ̀gá? Ọmọ awo á dé ilé olùkọ́ rẹ̀ ní kékeré. Òun ló ń gbálẹ̀ ojúbọ ní kùtùkùtù, òun ló ń pọnmi, òun ló ń lọ jáwé nínú igbó, òun ni wọ́n ń rán lọ sí ọjà Odò-Orí láti ra ohun ẹbọ. Wọ́n á fi ọ̀pẹ̀lẹ̀ kọ́ ọ ní ojú odù mẹ́rìndínlógún, kó tó wá kan àmúlù, títí a ó fi dé 256. Ẹlòmíì á lo ọdún mẹ́wàá níbẹ̀, ẹlòmíì á lò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá rò pé ìgbà tí a bá jókòó ti ọ̀pẹ̀lẹ̀ nìkan là ń kọ́ṣẹ́, kò tíì mọ ohun tí à ń wí. Níbi ewé jíjá ni mo ti mọ ewé. Níbi tí wọ́n ń rán mi lọ sọ́jà ni mo ti mọ ẹni tó ń ta ojúlówó àti ẹni tó ń ta ayédèrú. Nígbà tí mo bá gbé àpò tẹ̀lé ọ̀gá mi, mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń bá ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú sọ̀rọ̀, mo sì máa ń gbọ́ bó ṣe ń bá ẹni tó wá halẹ̀ mọ́ ọn sọ̀rọ̀. Wọn ò kọ́ mi ní ohùn yẹn lọ́jọ́ kankan. Etí ni mo fi kó o, lábẹ́ àpò.

Torí náà, tí ìyá kan bá ní wọ́n ń fi ọmọ òun gbálẹ̀, mi ò kọ́kọ́ bá a kẹ́dùn. Mo máa ń bi í pé: ilẹ̀ ibo ló ń gbá? Ta ló wà níbẹ̀? Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ nígbà tó ń gbá a lọ?

Ọmọ ọmọ mi kan ń kọ́ ìmọ̀ ẹran ọ̀sìn ní pólì. Wọ́n gbà á fún IT nílé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ adìẹ ní Ìbàdàn. Ó di ẹrù láti Ìwó, ó gba Lálúpọn kọjá, ó lọ wọ̀ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ọkàn ẹ̀ ni pé wọ́n á kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń ṣírò oúnjẹ: ìwọ̀n àgbàdo, ìwọ̀n sóyà, ìwọ̀n ẹja gbígbẹ àti ìkarahun. Nígbà tó débẹ̀, wọ́n fún un ní ìgbálẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní kó lọ máa jókòó ti bàbá tó wà ní géètì, kó máa bá a kọ nọ́ńbà ọkọ̀ tó ń gbé àgbàdo wọlé. Inú ọmọ yìí bàjẹ́. Ó pè mí, ó ní, "Bàbá, ṣé géètì ni mo torí ẹ̀ lọ síléèwé?" Mo ní, "Bàbá tó wà níbẹ̀ ńkọ́, ṣé o ti kí i dáadáa?" Ó ní òun máa ń kí i. Mo ní, "Ṣé o ti bi í ní nǹkan rí?" Ó dákẹ́.

Bí ẹ bá mọ ìtàn Àjàlá, ẹ ó mọ ohun tó mú mi bi í ní ìbéèrè yẹn. Fún àwọn ọmọ tí kò tíì gbọ́ ọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ṣókí bí Ifá ti sọ ọ́ nínú Ogbè Ògúndá. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń ti ọ̀run bọ̀ wá sáyé: Oríṣẹ̀ẹ̀kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n fẹ́ lọ yan orí nílé Àjàlá tó ń mọ orí. Àwọn méjì kánjú. Wọn ò bá Àjàlá nílé, wọ́n wọlé, wọ́n mú orí tó wù wọ́n lójú. Orí náà dára ní wíwò, àmọ́ kò jiná. Bí òjò ṣe ń pa wọ́n bọ̀ lọ́nà ayé, bẹ́ẹ̀ ni orí náà ń ṣí dànù díẹ̀díẹ̀. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ yà kí baba rẹ̀. Wọ́n dá Ifá fún un, ó rúbọ, wọ́n sì ní kó mú iyọ̀ àti owó dání. Nígbà tó dé ẹnu bodè, ó bá oníbodè tó ń se ọbẹ̀. Eérú ni oníbodè ń dà sínú ọbẹ̀ náà bí ẹni ń da iyọ̀. Afùwàpẹ́ bu iyọ̀ sí i fún un. Oníbodè tọ́ ọ wò, kò tọ́ irú ẹ̀ wò rí. Ó bá tú àṣírí fún un: Àjàlá jẹ gbèsè, inú àjà ló fara pamọ́ sí nítorí olówó tó wá sin ín, bí o bá bá a san gbèsè náà, yóò bá ọ yan orí. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Afùwàpẹ́ san gbèsè, Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó fi irin lu àwọn orí wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi rí èyí tó jiná, ó sì gbé e fún un.

Ẹ kíyè sí i. Kò sí ẹni tó sọ fún Afùwàpẹ́ pé oníbodè ló ní kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́. Ọbẹ̀ tí kò dùn ló rí, iyọ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà ní láti gba ọ̀nà kan náà lọ, torí ilé kan náà ni wọ́n ń lọ. Àmọ́ ẹni tó ń kánjú lọ bá ọ̀gá kì í rí ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Mo sọ ìtàn yìí fún ọmọ náà lórí fóònù. Lọ́jọ́ kejì, ó mú ẹ̀wà àti búrẹ́dì lọ fún bàbá géètì, wọ́n jọ jẹun, ó sì bi í pé, "Bàbá, ẹ ṣe máa ń dá ọkọ̀ míì padà?" Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ogún ọdún tí ó ti ń gba àgbàdo wọlé níbẹ̀. Ó mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ oníhò kan, ó fi han ọmọ yìí bí wọ́n ṣe ń gún àpò láti ìsàlẹ̀, torí ẹni tó fẹ́ tanni máa ń da àgbàdo gbígbẹ sókè, kó fi tútù pamọ́ sísàlẹ̀. Ó ní kó gbóòórùn ẹ̀. Ó ní kó fi eyín gé e: èyí tó gbẹ á dún "kọ́", èyí tí omi ṣì wà nínú ẹ̀ á kàn rọ̀ lábẹ́ eyín. Ọmọ náà rántí pé wọ́n ti kọ́ àwọn ní kíláàsì pé kí a tó lè kó àgbàdo pamọ́, kí omi inú ẹ̀ má ju nǹkan bí 13 nínú 100 lọ, àti pé àgbàdo tó bá bu máa ń ní májèlé kan tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, tó ń ba ẹ̀dọ̀ adìẹ jẹ́, tó sì lè pa á. Ó mọ ìyẹn fún ìdánwò. Géètì ló ti wá mọ ọ́n léyín.

Lẹ́yìn náà, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ń kọjá lọ, ó gbọ́ tí ọmọ yìí ń sọ fún dírẹ́bà kan pé àpò mẹ́fà nínú ẹrù ẹ̀ tutù, ó sì ń fi ohun tí irin kó jáde hàn án. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè é wọ inú ibi tí wọ́n ti ń po oúnjẹ. Nígbà tí olùkọ́ iléèwé sì wá bẹ̀ ẹ́ wò, ohun tó kọ́ ní géètì ló kọ́kọ́ bi í.

Ẹ̀yin ọmọ, mi ò sọ pé gbogbo géètì ló ní bàbá ọlọ́gbọ́n níbẹ̀ o. Ibi iṣẹ́ míì wà tó jẹ́ pé kò sí nǹkan kan tí wọ́n ní láti kọ́ yín, ẹ ó sì mọ̀. Àmọ́ ẹ má tètè sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó bi èèyàn mẹ́ta ní ìbéèrè.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ìdè. Èyí kan àwa oníṣẹ̀ṣe ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọmọ tí mo ń sọ yìí wọ ìdè Ifá sọ́wọ́ òsì lọ sí ibi iṣẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, èèyàn méjì ló sọ fún un pé kó yọ ọ́. Ẹni àkọ́kọ́ ni ọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ tó ń po oúnjẹ. Ó ní, "Yọ nǹkan ọwọ́ ẹ kúrò kó o tó dé ìdí bẹ́líìtì." Ẹnìkejì ni obìnrin kan ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣírò owó. Ó ní, "Yọ nǹkan òrìṣà yẹn kúrò kó o tó wọlé bá mi." Ọmọ náà bínú sí àwọn méjèèjì bákan náà. Ó fẹ́ fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó. Ọkùnrin ìdí ẹ̀rọ yẹn, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní kí ẹni tó wọ aago yọ aago, kí ẹni tó wọ òrùka yọ òrùka. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ò mọ ọmọ Ọ̀rúnmìlà yàtọ̀ sí ọmọ aládùúrà. Ohun tó bá kọ́ ọ lọ́wọ́ ló ń fà. Àwa gbà pé ìdè wà kí Ikú lè dá ọmọ Ọ̀rúnmìlà mọ̀, kó yẹra fún un. Ẹni tó fi ìdè yẹn na ọwọ́ sí ẹnu ẹ̀rọ, ṣé kì í ṣe òun ló ń pe Ikú? Kó yọ ọ́, kó fi sínú àpò rẹ̀ tàbí nínú aṣọ mímọ́, kó padà wọ̀ ọ́ tó bá ti fọwọ́ tán. Kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Bákan náà ni fún ọmọ tó lọ sí ibi iná mànàmáná, tàbí ilé ìwòsàn tó jẹ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́.

Ti obìnrin ọ́fíìsì yàtọ̀. Kò sí ẹ̀rọ lọ́dọ̀ ẹ̀. Ìbẹ̀rù ló ń bẹ níbẹ̀, ohun tí wọ́n ti sọ fún un nípa wa láti kékeré. Ohun tí mo sọ fún ọmọ náà ni pé kó má yọ ọ́, kó má sì jà. Kó dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, kó sì máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Ó dá a lóhùn báyìí: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìdè baba mi ni. Mo máa ń yọ ọ́ tí mo bá fẹ́ dé ìdí ẹ̀rọ. Níbí, ìwé ni mo wá kọ." Obìnrin náà ò fèsì. Kò yá mọ́ ọn títí ó fi kúrò níbẹ̀, mi ò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ kò tún sọ pé kó yọ ọ́ mọ́, ó sì ń gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọmọ tó bá kọ́ láti mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì yìí ti dàgbà. Àwọn àgbàlagbà kan wà tí wọn ò tíì mọ̀ ọ́n. Wọ́n máa ń pe gbogbo òfin ní ìnúnibíni, tàbí kí wọ́n pe gbogbo ìnúnibíni ní òfin, kí wọ́n sì tẹrí ba fún un. Bí ó bá wá di pé ẹnìkan fẹ́ lé ọmọ yín kúrò tìtorí ẹ̀sìn, ẹ mọ̀ pé abala 38 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún olúkúlùkù lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀sìn tó bá wù ú. Ìṣẹ̀ṣe náà wà níbẹ̀. Kí ọmọ mọ̀ pé òfin wà lẹ́yìn òun, àmọ́ kó má kọ́kọ́ fà á yọ bí idà. Àwa ará Ìwó ló yẹ kó mọ èyí jù. Nínú agbo ilé kan náà níbí, ẹ ó bá mùsùlùmí, ẹ ó bá onígbàgbọ́, ẹ ó bá wa, a sì jọ ń jẹ nínú ìnáwó ara wa. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tó bá ti rí i nílé bí a ṣe ń gbé pọ̀ kò ní ṣàìmọ bí yóò ṣe gbé pọ̀ pẹ̀lú èèyàn níta.

Wàyí o, mo ti ń sọ̀rọ̀ sùúrù bọ̀, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ sùúrù lè pa ọmọ lára tí a kò bá pààlà sí i. Ẹ rántí òbí kẹta tó bú sẹ́kún. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà níbi iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Ọ̀gá tó yẹ kó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ ní òun ò ní fọwọ́ sí i àfi tó bá wá kí òun nílé lálẹ́. Ọmọ náà ti ń fi í pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó wá sọ ọ́ nílé, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní kó ní sùúrù, pé kò pẹ́ tí IT á parí. Ìyá wá bá mi pé kí a ṣe nǹkan kí ọkùnrin náà fọwọ́ sí ìwé.

Mo sọ fún ìyá náà pé a ó bọ Orí ọmọ yìí kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, àmọ́ a ò ní ṣe nǹkan kan kí ọkùnrin yẹn fọwọ́ sí ìwé. Ìwé náà kọ́ ni ìṣòro ọmọ yìí. Afùwàpẹ́ fún oníbodè ní iyọ̀. Oníbodè ò sọ pé kó kọ́kọ́ bọ́ra sílẹ̀ kó tó kọjá. Ibi tí ìfaradà parí sí nìyẹn. Ohun tí a ṣe ni mo fẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀. Ọmọ náà kọ ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà sọ sínú ìwé ọ̀tọ̀, kì í ṣe inú logbook. Kò pa àtẹ̀jíṣẹ́ tó fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ́. Bàbá àti ìyá rẹ̀ tẹ̀lé e lọ síléèwé, wọ́n rí ẹni tó ń bójú tó ètò SIWES níbẹ̀, torí gbogbo iléèwé tó ń ṣe ètò yìí ló ní ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé e kúrò, wọ́n fi í sí ibòmíràn, ó ń bá oṣù tó kù lọ. Ẹ̀yin ọmọbìnrin wa, àti ẹ̀yin ọmọkùnrin náà, ẹ tètè máa sọ. Ẹ̀yin òbí, tí ọmọ bá sọ ọ́, ẹ má bi í pé aṣọ wo ló wọ̀. Ẹ dìde.

Ó ku ti bàbá tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ sanwó kí wọ́n máa fọwọ́ sí ìwé nígbà tó bá jókòó sílé. Mo mọ ohun tó fà á. Owó ọkọ̀ ti wọ́n, ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ò sì ń fún wọn ní kọ́bọ̀. Ẹni tó ń ná owó lójoojúmọ́ láti lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ lè rò pé òun gọ̀. Àmọ́ ẹ bá mi wò ó. Ìwó wa yìí ni wọ́n ń pè ní ìlú odídẹrẹ́, gbogbo wa la sì mọ iyì ikóóde. Ẹni tó tẹ̀fá ni wọ́n ń fi ikóóde sí lórí. Bí ẹnìkan bá lọ ra ikóóde lọ́jà, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ara rẹ̀ láì wọ igbódù, wọ́n lè kí i lónìí. Lọ́la, aláìsàn á dé, wọ́n á gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ fún un, ọwọ́ ẹ̀ á máa gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni logbook tí kò sí iṣẹ́ nídìí ẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹni tó gbà á síṣẹ́ bá gbé irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́, tàbí lọ́jọ́ tí ẹ̀mí èèyàn bá wà lọ́wọ́ ẹ̀, ìwé ò ní dáhùn fún un.

Ohun tí mo ní kí bàbá náà ṣe ni pé kó wá ibi iṣẹ́ tó súnmọ́ ilé fún ọmọ rẹ̀, kódà kó jẹ́ ibi kékeré, tí iléèwé bá ti fọwọ́ sí i. Oṣù mẹ́rin ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́ sàn ju oṣù mẹ́rin ní ilé ńlá tí orúkọ ẹ̀ nìkan wà nínú ìwé.

Ẹ̀yin òbí, iṣẹ́ tiyín náà wà. Kí ọmọ tó lọ, ẹ jẹ́ kó jí ní kùtù, kó mú obì àti omi tútù, kó bá Orí rẹ̀ sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ Ifá bá ká a mọ́ ọ̀nà jíjìn, omi tútù àti obì nínú yàrá ẹ̀ tó, kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ifá ò ní kó pẹ́ dé ọ́fíìsì. Ẹ wá owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ fún un, torí ọmọ tí ebi ń pa kì í gbọ́ ẹ̀kọ́. Tó bá pè yín, tó ń ráhùn, ẹ gbọ́ ọ tán kí ẹ tó fèsì. Ẹ má pe ọ̀gá rẹ̀ láti jà fún un lórí ìgbálẹ̀. Ẹ má sì sọ pé kó fara dà á kí ẹ tó mọ ohun tí ń bẹ níbẹ̀. Ẹ bi í ní ìbéèrè títí ẹ ó fi mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ ni, tàbí ti bẹ́líìtì, tàbí ti ìdè, tàbí ti ọ̀gá tó fẹ́ kó wá kí òun lálẹ́. Ìdáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀.

Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú wa ń sọ pé ilé ìwé àti IT yìí ló ń gba ọmọ kúrò lọ́wọ́ Ifá. Ẹ má gbà á gbọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, Àwíṣẹ, ọmọ awo ni láti ilé, òun náà sì ni ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ifẹ̀ láti 1982 títí di 1989. Ìwé ò gba Ifá lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ wa ni pé kó wà níta pẹ̀lú ìṣòro, kó máa wò wá bóyá a ní ọ̀rọ̀ tó lè ran òun lọ́wọ́, ká sì máa sọ fún un pé ẹbọ nìkan ló kù.

Ẹ̀yin ọmọ tó wà lẹ́nu IT báyìí, tàbí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ kọ ohun tí ojú yín rí ránṣẹ́ sí ìwé wa yìí. Kó má gùn jù, ojú ìwé kan tó. Ẹ sọ èyí tó dùn, ẹ sọ èyí tó korò, kí àwọn àbúrò yín tó máa lọ lọ́dún tó ń bọ̀ lè rí nǹkan mú dání.

Orí yín kò ní sùn. Ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire. Ẹ ó rí ẹni tó máa tú àṣírí fún yín lẹ́nu bodè. Ọwọ́ yín kò ní kọ́ sí ẹnu ẹ̀rọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ dẹ okùn fún yín, okùn rẹ̀ á já. Àṣẹ. Ó di oṣù mẹ́ta òní, kí Ifá jẹ́ ká tún ríra pẹ̀lú ayọ̀. Àbọrú, àbọyè.